Òdòdó pọ̀ lókè, gbòǹgbò ńkọ́? Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ọ̀gá wa ní IAR&T, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú oòrùn. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Mo lè ká lẹ́tà mi sínú àpòòwé kí n fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “náánò kábọ́ọ̀nù” tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀ láti fọ́n sóko kan gbogbo ẹni tó ń gbin ẹ̀wà láti Ìṣẹ́yìn dé Ìkirè. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, kí wọ́n lè bá mi bẹ̀ yín.

Mi ò kàwé dé ipò ọ̀mọ̀wé o. Ọdún méjìlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní lábù ilẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Èmi ni mò ń fọ ìgò, èmi ni mò ń jọ ilẹ̀, èmi ni mò ń wọ̀n ọ́n, tí mo sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó fi nọ́ńbà náà gboyè. Ẹ̀wà, àgbàdo àti tòmátì ni mò ń gbìn báyìí lórí éékà mẹ́ta. “Ìyá Lábù” ni wọ́n ń pè mí nínú ẹgbẹ́ wa, wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò èṣí, ọmọkùnrin kan wá bá wa ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ó gbé páálí kan wá, ìgò lítà kọ̀ọ̀kan ló kún inú rẹ̀, omi inú ìgò sì dúdú bí omi aró. “Náánò kábọ́ọ̀nù” ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ara rẹ̀. Ìdérí kan sínú tánkì ìfọ́nko kan, ó ti tó, bẹ́ẹ̀ ló wí. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi oko tòmátì kan hàn wá tí òdòdó bò ó bí ẹni da àgbàdo yíyan sí i lórí. Mo bi í léèrè pé, “Ọmọ mi, irú kábọ́ọ̀nù wo ni? Gíráàmù mélòó ló wà nínú lítà kan?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kábọ́ọ̀nù náà kọ́ ni èédú tí ẹ fi ń sun àgbàdo?” Gbogbo ilé dà wó lẹ́rìn-ín. Alága ra ìgò mẹ́rin. Kí n má parọ́, èmi náà ra ọ̀kan.

Ọmọ yẹn ò parọ́, àmọ́ kò sọ òótọ́ tán. Kábọ́ọ̀nù ni èédú lóòótọ́. Kábọ́ọ̀nù náà ni dáyámọ́ńdì, òun náà ló wà nínú pẹ́ńsù tí ọmọ ilé-ìwé ń gé ṣe ṣóńṣó. Bí wọ́n ṣe to ara wọn ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀ràn wà. Ní 1985, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ńsì mẹ́ta, Kroto, Curl àti Smalley, rí irú kan tí ọgọ́ta átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù so kọ́ra bíi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Fullerene ni wọ́n ń pè é, ẹ̀bùn Nobel sì tìtorí rẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1996. Ní 1991, Iijima ní Japan kọ̀wé nípa èyí tó ká bí ẹní, tó wá di ọ̀pá oníhò, ìyẹn nanotube. Ní 2004, Geim àti Novoselov ní Manchester fi sẹ́lótéèpù lásán ṣí ìpele kan ṣoṣo kúrò lára irú dúdú inú pẹ́ńsù, graphene ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ọ̀gá mi ti mọ gbogbo èyí. Àwọn tó ń kà á lẹ́yìn yín ni mò ń sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí n fún àwọn náà ní ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Bakitéríà inú ilẹ̀ máa ń tó ẹgbẹ̀rún nánómítà kan. Ọ̀pá nanotube tó tín-ín-rín jù lọ kò ju nánómítà kan tàbí méjì lọ ní ìbú. Ká ní bakitéríà tóbi tó ìkòkò ìsebẹ̀, ọ̀pá yẹn á tẹ́ẹ́rẹ́ bí fọ́nrán òwú. Ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ní 2007, wọ́n da irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ bakitéríà E. coli nínú omi, wọ́n sì rí i pé ibi tí ọ̀pá bá ti kan ara kòkòrò náà, awọ ara rẹ̀ ń bàjẹ́, ohun inú rẹ̀ sì ń jò jáde. Èédú tí a fi ń sun àgbàdo kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Inú omi ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe inú ilẹ̀. Inú ilẹ̀, amọ̀ wà níbẹ̀, ìjẹrà ewé wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì á sì dì mọ́ nǹkan wọ̀nyí. Ìyẹn ló fà á tí ẹnu àwọn onímọ̀ kò fi kò. Ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2007 kan náà, wọ́n po fullerene mọ́ ilẹ̀, wọ́n ṣọ́ ọ fún 180 ọjọ́, ohun tí wọ́n rí kò tó nǹkan: àwọn kòkòrò ń mí bí wọ́n ṣe ń mí, ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń fọ́ oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe é. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìwádìí láti Denmark sọ ohun mìíràn: bí fullerene ṣe wọlẹ̀ tán, àwọn bakitéríà tó máa ń tètè bí sí i dín kù ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Nǹkan kan náà ni wọ́n fi dán an wò. Ilẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ọ̀nà àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ ni.

Kí n tó sọ ti ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kòríà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́dún méjìlá yẹn, torí ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù máa ń dà bí àlọ́ létí àgbẹ̀. Àyẹ̀wò dehydrogenase, ẹ́ńsáìmù tó wà nídìí èémí àwọn kòkòrò ilẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. A ó bu ilẹ̀ tútù sínú túùbù, a ó bu ẹfun díẹ̀ mọ́ ọn, a ó da omi kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní TTC lé e lórí, a ó dé e, ó di inú ẹ̀rọ amóoru ní 37 °C títí di ọjọ́ kejì. TTC kò ní àwọ̀, omi lásán ni lójú. Àmọ́ bí àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ bá wà láàyè, bí wọ́n bá ń jẹun, èémí wọn ni yóò sọ ọ́ di pupa. Lọ́jọ́ kejì a ó fi methanol ṣàn án, a ó sẹ́ ẹ, ohun tó ń kán sílẹ̀ a sì pọ́n bíi zobo. Ilẹ̀ tí a bá ti sè kí gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ kú, bí omi òjò ni tirẹ̀ máa ń rí. Mo ti wo ilẹ̀ abẹ́ igi kòkó, mo ti wo ilẹ̀ etí ilé mẹkáníìkì, mi ò nílò kí ẹ̀rọ sọ fún mi èwo ni èwo.

Àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn wà tí àgbẹ̀ ń jẹ lára wọn láìmọ̀. Urease ló ń fọ́ yúríà tí a rà lọ́wọ̀n-ín gógó, kí ewéko tó rí nǹkan mú nínú rẹ̀. Phosphatase ló ń já fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gbà lọ́wọ́ ewé tó jẹrà. Glucosidase ló ń parí iṣẹ́ lórí pòròpórò àgbàdo tí a fi sílẹ̀ lóko. Àwọn kòkòrò àìfojúrí àti gbòǹgbò ló ń tú wọn jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, àpò ajílẹ̀ tí a óò rà yóò pọ̀ sí i, a ò sì ní mọ ìdí tó fi pọ̀.

Ní Kòríà ní 2011, Chung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ po nanotube oníìpele púpọ̀ mọ́ ilẹ̀. Nígbà tó dé 5,000 máíkírógíráàmù nínú gíráàmù ilẹ̀ kan, àwọn ẹ́ńsáìmù náà rọlẹ̀, phosphatase àti glucosidase wà lára wọn, ìwọ̀n kòkòrò inú ilẹ̀ gan-an dín kù. Nígbà tí wọ́n tún fi graphene tí wọ́n ti fi ọ́síjìn sí lára dán an wò, wọ́n rí i pé iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù mélòó kan wálẹ̀ dé ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe iye kòkòrò. Èyí jẹ́ nǹkan tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa: òṣìṣẹ́ ò dín, iṣẹ́ ló dín. Orí gbalasa kábọ́ọ̀nù yìí fẹ̀ púpọ̀, ẹ́ńsáìmù lè lẹ̀ mọ́ ọn kó má rí ọwọ́ yí mọ́.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ta ìgò náà yóò sọ bó bá ka ibí yìí. Yóò ní 5,000 yẹn pọ̀ jù, kò sí àgbẹ̀ tí yóò da irú rẹ̀ sóko. Òótọ́ ló sọ. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ilẹ̀ éékà kan, tí a bá wà á jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, á wọn nǹkan bí 800,000 kílò. Kí a tó dé ìwọ̀n tí wọ́n lò ní Kòríà, a ó da tọ́ọ̀nù mẹ́rin kábọ́ọ̀nù sórí éékà kan, ìyẹn ọgọ́rin àpò bí àpò ajílẹ̀ wa. Ìgò lítà kan ò lè ṣe é láéláé. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ì bá ti balẹ̀, mi ò bá sì má kọ lẹ́tà yìí, bí kò bá ṣe ìwádìí kan láti California.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California, ti ìlú Santa Barbara, gbin ẹ̀wà sóyà sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti po nanotube, graphene tàbí lẹ́búlẹ́bú kábọ́ọ̀nù dúdú mọ́. Ìwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n lò: 0.1, 100 àti 1,000 mílígíráàmù nínú kílò ilẹ̀ kan. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ẹ̀wà tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù sí ìdí rẹ̀ tètè yọ òdòdó, òdòdó ìbẹ̀rẹ̀ wọn sì pọ̀ ju ti èyí tí wọn ò fi nǹkan kan sí lọ. Àgbẹ̀ tó bá rí i yóò jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo kókó ara gbòǹgbò, níbi tí bakitéríà ti ń bá ẹ̀wà mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, agbára iṣẹ́ yẹn ti lọ sílẹ̀ nínú gbogbo wọn. Níbi tó ti burú jù, ó fi ju 91 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibi tó sì ti burú jù yẹn, nanotube tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré jù lọ wà níbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú dúdú tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré jù lọ náà wà níbẹ̀. Bí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀, á dì pọ̀ bí ìyẹ̀fun tí omi bá lójijì, á jókòó sójú kan. Bó bá kéré, á fọ́n káàkiri, á rọ́nà wọlé.

Ó dáa, 0.1 mílígíráàmù nínú kílò kan, èló nìyẹn lórí éékà kan? Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí n má bàa ṣìṣe. Ọgọ́rin gíráàmù ni. Ẹ̀kúnwọ́ kan. Ìyẹn lè wọ inú ìgò lítà kan wọ̀ọ̀wọ̀, kó tún ku àyè fún omi.

Ní Arkansas ní Amẹ́ríkà, ní 2013, tòmátì tí wọ́n fi omi nanotube bọmi rin so èso tó ìlọ́po méjì. Mo gbà pé irú rẹ̀ ló wà nínú fóònù ọmọ yẹn. Ohun tí fóònù ò fi hàn ni pé àwọn kan náà yẹ ilẹ̀ ìdí tòmátì wọn wò, àwọn ẹ̀yà bakitéríà inú rẹ̀ ti pààrọ̀ ipò. Àwọn kan gbilẹ̀, àwọn kan sá sẹ́yìn. Bóyá ìyẹn dára, bóyá kò dára, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń gbin ilẹ̀ náà lọ́dún kẹta.

Èmi náà gbìyànjú tèmi. Nígbà tí ẹ̀wà yọ òdòdó, mo bẹ Alága, mo hú ìdí mẹ́wàá lóko rẹ̀, mo hú mẹ́wàá lóko mi. Ẹ mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ó já kókó kan lára gbòǹgbò, ẹ ó fi èékánná là á. Bó bá ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí èrìgì ọmọ ọwọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, á rí bí eérú tàbí kó rí bí ewé tútù. Òdòdó oko Alága ti yọ ṣáájú tèmi. Kókó ìdí tirẹ̀ kò pọ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí mo là sì rí bí eérú. Mo na ọ̀kan sí Alága. Ó wò ó, ó ní, “Ìyá Lábù, ẹ̀wà la ń gbé lọ sọ́jà, a kì í gbé gbòǹgbò.”

Mi ò ní fi èyí ṣe ẹ̀rí o. Ẹ̀gbẹ́ odò ni oko rẹ̀ wà, omi dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lóṣù Òkudù. Ó tún da yúríà sí i, yúríà nìkan sì tó láti sọ gbòǹgbò ẹ̀wà di ọ̀lẹ. Ìgò ọmọ yẹn lè má mọwọ́ mẹsẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá kábọ́ọ̀nù náánò wà nínú rẹ̀ rárá tàbí omi aró lásán ni wọ́n tà fún wa. Ìdí tí mo fi ń ké sí yín nìyẹn.

Ẹ̀yin ni ìjọba fi ìwádìí lórí ilẹ̀ àti omi sí lọ́wọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ tí ilẹ̀ wa ń jẹ́. Nínú ìwé tí Smyth àti Montgomery, àwọn onímọ̀ ilẹ̀, kọ lórí ilẹ̀ agbègbè wa ní 1962, irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Oǹdó, Ìtàgúnmọ́dì. Ilẹ̀ Ìwó tí òkúta akọ bí, oníyanrìn ni lókè, ìjẹrà ewé inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ilẹ̀ Ìtàgúnmọ́dì pupa kìì, amọ̀ ló kún inú rẹ̀. Bí amọ̀ àti ìjẹrà bá jẹ́ ohun tó ń di kábọ́ọ̀nù yìí lọ́wọ́ mú, ó yẹ kí ó ṣe ilẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí bí àbọ̀ ìwádìí Purdue tàbí ti Kòríà ṣe lè dáhùn ìyẹn fún wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín pé kí ẹ bá òun dán an wò, ẹ má ṣe ka òdòdó àti èso nìkan. Ẹ hú gbòǹgbò. Ẹ ka kókó, ẹ là á. Ẹ wo urease, ẹ wo phosphatase, lórí ilẹ̀ Ìwó àti lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, kí ẹ má sì dúró lórí ọ̀wọ́ òjò kan ṣoṣo. Ẹ lo ìwọ̀n kékeré tí àgbẹ̀ máa ń lò, kì í ṣe ọgọ́rin àpò. Ẹ sì bi wọ́n léèrè irú kábọ́ọ̀nù, ìwọ̀n rẹ̀ àti irin tó lè wà lára rẹ̀, torí irin ni wọ́n sábà máa ń fi hu nanotube. Ní Yúróòpù, láti oṣù kìíní 2020, òfin ti sọ pé ẹni tó bá forúkọ kẹ́míkà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ bó bá wà ní ìwọ̀n náánò àti bó ṣe rí. Kò sí ohun tó ní kí a má béèrè irú rẹ̀ níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu òṣìṣẹ́ lábù àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹ ṣọ́ra fún TTC yẹn. Pupa tó ń yọ níbẹ̀ fẹ́ràn ara kábọ́ọ̀nù, ó lè lẹ̀ mọ́ ọn kó má bá methanol jáde. Ẹ ó wá rí omi funfun, ẹ ó ní ilẹ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ ó ń mí. Kí ẹ kọ́kọ́ da pupa tí ẹ ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ilẹ̀ tó ní kábọ́ọ̀nù, kí ẹ wo iye tí yóò padà jáde, kí ẹ tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́.

Bí ààyè bá sì ṣẹ́kù, ẹ bá mi ya dé ibi tí wọ́n ti ń fi táyà sun ewúrẹ́ àti awọ màlúù. Lẹ́búlẹ́bú dúdú tí wọ́n lò ní Santa Barbara, irú rẹ̀ náà ni wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà táyà kó lè lágbára, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin táyà ni. Mo mọ̀ pé síńkì àti oró mìíràn wà nínú èéfín yẹn, ẹ ò ní lè dá ẹ̀bi kábọ́ọ̀nù yọ lára tiwọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ẹni da òróró sí i, wáyà irin táyà ló kún orí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gbin ewédú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí omi òjò ń ṣàn gbà.

Ìgò tí mo rà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, ó ju ìdajì lọ. Mo ti bu ilẹ̀ oko mi sínú àpò méjì, ọ̀kan láti orí òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, kò sí ajílẹ̀ kankan nínú méjèèjì láti ọdún méjì. Ọjọ́ tí ẹ bá ní kí n gbé wọn wá ni n óò gbé wọn wá, owó ọkọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Lábù, àgbẹ̀ ẹlẹ́wà, ọ̀nà Ìṣẹ́yìn